Mọ̀síọ̀ Láàárín Àwọn Asáré Mówè

Ní àárọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ tí mo jí sí Mówè, gìrìgìrì ẹsẹ̀ ló jí mi. Ní ìlú tiwa, lẹ́bàá Kétu, ní ìhà ibi tí Faransé ti ṣe ìjọba, bí èèyàn bá gbọ́ irú gìrìgìrì bẹ́ẹ̀ ní ìdájí, yálà iná ti sọ ni, tàbí olè ti wọlé, tàbí ẹnìkan ti kú sóko. Mo fa igi tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn yọ, mo sì bẹ́ síta láìwọ ẹ̀wù.

Kò sí iná, kò sí olè. Àwọn àgbàlagbà ni mo rí, ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo wọn wọ pólò aláwọ̀ ewé kan náà, wọ́n ń sáré bọ̀ lójú títì ẹsitéètì. Ìdí ń mì, ikùn ń mì, kánfáàsì wọn funfun bí ẹyin. Mo wo ẹ̀yìn wọn títí, mi ò rí ohun tó ń lé wọn. Mo wo iwájú wọn, mi ò rí ohun tí wọ́n ń lé. Ọkùnrin kan tó ṣáájú wọn yíjú padà, ó ń fi ẹ̀yìn sáré, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń kígbe pé, "Ẹ̀ ń ṣe dáadáa! Ẹ má dúró o! Ó kù díẹ̀!" Ó rí mi pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Dípò kí ẹ̀rù bà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ẹ kú àárọ̀ o! Ẹ ju igi yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá bá wa sáré!"

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mi. Àwọn àgbà ní èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ó jọ pé òwe náà ò tíì dé Mówè.

Mi ò ní fi bí mo ṣe rìn débẹ̀ dá yín lágara. Ẹni tó bá ti kúrò nílé rí mọ̀ pé ọ̀nà kọ́ ni ìṣòro, ibi téèyàn dé ni. Tíṣà Faransé ni mo wá ṣe, ní ilé-ìwé aládàáni kan. Nílé, akọ̀wé ni mo jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wọn òwú. Mi ò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun rí. Ṣùgbọ́n ní Mówè, bí ẹ bá ti ti ọ̀dọ̀ Faransé wá, tí èdè náà sì yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, tíṣà lẹ ti dà. Ẹni tó ni ilé-ìwé náà, obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mọ́mì, títí kan àwọn tó lè bí i lọ́mọ, ò bi mí ní ìwé ẹ̀rí kankan. Ó ní kí n ka ẹsẹ Bíbélì kan ní Faransé. Mo kà á. Ó dijú, ó ní, "Háà, ó dùn bí orin." Wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé-ìwé, lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mọ̀síọ̀, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni ní Faransé, ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Mọ̀síọ̀ lẹ́nu ọmọdé, Mọ̀síọ̀ lẹ́nu fọkanáísà tó wà lẹ́nu géètì. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ àwọn ọmọ ní orin tí wọn á máa kọ bí òbí bá wá wò wọ́n. Wọn á fi bọ́ńzúù kíni, wọn á fi màsí dúpẹ́, àwọn ìyá wọn á gbé fóònù sókè, wọn á ya fọ́tò. Ọmọbìnrin kan bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni ìtumọ̀ ohun tí òun ń kọ. Kí n tó dáhùn, Mọ́mì ti sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Mọ̀síọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ ná."

Síbẹ̀, iṣẹ́ yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ dùn mí. Èdè ni. Mo ti rò pé ilé kan náà ni mo wọ̀, pé yàrá lásán ni mo pààrọ̀. Ṣebí Yorùbá lèmi náà? Ìlú wa ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ṣán igbó Mówè. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Mo bèèrè ibi tí mo ti lè rí zẹ́míjàn, bá a ṣe ń pe ọ̀kadà lọ́dọ̀ wa, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan pe ara wọn ní zẹ́míjàn. Àwọn tí ò lè sọ gbólóhùn kan kó parí láìfi Gẹ̀ẹ́sì tì í lẹ́yìn, àwọn ló ń fi Yorùbá mi ṣẹ̀sín! Èyí tó sàn jù nínú wọn á fọwọ́ kàn mí léjìká, á ní, "Mọ̀síọ̀, ẹ̀ ń gbìyànjú o. Yorùbá yín ti ń dáa sí i."

Yorùbá mi ń dáa sí i! Láti ọjọ́ náà ni mo ti gun orí igi kan nínú ọkàn mi, mo jókòó síbẹ̀, mò ń wò wọ́n láti òkè. Mo rí wọn dáadáa láti ibẹ̀. Mo rí ẹsitéètì tí wọ́n kọ Párádísè sí lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹlẹ́dẹ̀ ò lè gba ojú ọ̀nà rẹ̀ kọjá bí òjò bá rọ̀. Mo rí àwọn tí wọ́n ń jí lọ sí Èkó ní kùtù, tí wọ́n ń ti Èkó bọ̀ lálẹ́, tí wọ́n ń sọ pé Mówè làwọn ń gbé, tó sì jẹ́ pé oorun nìkan ni wọ́n ń sùn níbẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí yẹn tutù, ó ga, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀sán Sunday ni mo máa ń pe ìyá mi. Àgbà obìnrin ni, ọ̀rọ̀ kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Ta lò ń bá jẹun lọ́hùn-ún?" ó bi mí.

"Mò ń dá jẹ ni."

"Ta ló ń jí kí ọ?"

Ni mo bá sọ̀rọ̀ àwọn asáré fún un.

"Àgbàlagbà ni?"

"Àgbàlagbà ni, ìyá."

"Kí ló wà níbi tí wọ́n ń sáré lọ?"

"Kò sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á tún sáré padà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ìyá mi bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń ṣe láti Monday dé Sátidé ni pé mò ń ṣa ìwà òmùgọ̀ àwọn ará Mówè jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà, kí n lè rí ohun fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ Sunday. Àwọn mìíràn ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ẹ̀gàn lèmi fi ń ránṣẹ́.

Àfi bí Mọ́mì ṣe pe ìpàdé tíṣà lọ́jọ́ kan. Ó ní eré ìje orí títì kan ń bọ̀ ní Ifọ̀, ilé-ìwé wa á sì bá àwọn asáré Mówè kópa, orúkọ ilé-ìwé á wà lẹ́yìn pólò gbàgàdà. Ó ní gbogbo tíṣà tó bá lè rìn ló lè sáré.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ńkọ́?" olùkọ́ kan bèèrè.

"Èmi á máa tẹ̀ lé yín nínú ọkọ̀," ó ní, "pẹ̀lú àdúrà."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń sáré láìsí ohun tó ń lé e.

Ọkùnrin tó fi ẹ̀yìn sáré lọ́jọ́sí ni olórí wọn. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Láti Monday dé Friday, ó ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì ní kùtù hàì, ó ń wo ìpàkọ́ ẹlòmíràn, ó sì dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè nǹkan kan ní ọ́fíìsì ọ̀hún. Ṣùgbọ́n bó bá di àárọ̀ Sátidé, á fi fèrè kọ́ ọrùn, á di ọba.

Ká tó gbé ẹsẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á de ẹ̀mí tó ń fa iṣan ní okùn. Lẹ́yìn náà ni ìkíni á wá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun téèyàn bá ṣe ni wọ́n ń kí i fún. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó dúró mu omi, akọni. Èmi tí mi ò tíì kúrò lójú kan, "Mọ̀síọ̀, ẹ̀ ń ṣe dáadáa!" Lọ́dọ̀ wa, obìnrin á ru igi láti oko, á pọn ọmọ sẹ́yìn, á tún fa ewúrẹ́ lọ́wọ́, á rìn wọ ìlú, kò ní sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó má dúró, ó ṣeé ṣe kó sọ igi náà lù ú.

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà. Kì í ṣe pé mi ò lè sáré. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé mò ń gbìyànjú ni. Ẹ̀yìn níbẹ̀ ni mo ti bá Ìyá Dámi pàdé.

Obìnrin ńlá ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Aránṣọ ni, Ìkìrun ló ti wá, ó háyà yàrá kan ní Ìbàfò, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níwájú ilé náà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Èkó. Mo retí kí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú iṣẹ́. Ó na ọwọ́ sí mi ni, ó ní, "Mọ̀síọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ o. Bí mo bá fèsì, mi ò ní rí èémí fà."

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé. A sáré lọ láìsọ̀rọ̀, a sáré bọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tá a dúró, tó ti mí tán, ló tó sọ ìdí tó fi ń sáré fún mi.

"Dókítà ló ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ní bí mi ò bá mi ara mi, ẹ̀jẹ̀ á mì mí."

Àwọn tó yá ẹsẹ̀ á ti lọ dé ìkóríta, wọ́n á ti máa padà bọ̀, wọ́n á sì pàdé wa lọ́nà. Kóòṣì á kígbe, "Màmá, ẹ̀ ń ṣe dáadáa!" Àwọn tó kù á gbà á lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọjá, kò ní sí ẹyọ ẹnìkan tó máa wo ojú rẹ̀. Ó kàn máa ń fi orí dá wọn lóhùn ni. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn kọjá, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Bí wọ́n ṣe ń kí mi yìí, bí ẹni ń kí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ni."

Ọjọ́ yẹn ni ẹnu mi là. Bí mo ṣe ń sìn ín lọ síbi tó ti ń wọ ọkọ̀ Ìbàfò, mo bú Kóòṣì, mo bú fèrè rẹ̀, mo bú Mọ́mì àti ọkọ̀ tó fẹ́ fi tẹ̀ lé wa. Mo fara wé bí wọ́n ṣe ń sáré. Ìyá Dámi rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni mò ń sìn ín débẹ̀, gbogbo Sátidé ni mo sì ń bú wọn.

Àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí Ìyá Dámi sáré dé ìdí táǹkì omi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì ṣe é rí. Kò kígbe, kò gbé ọwọ́ sókè. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá òpó táǹkì náà bí ẹni gbá ọmọ aláìgbọràn létí, ó wá yíjú wò mí, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ ni Kóòṣì àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti lò gbó, wọ́n ti fi kí ẹni tó ń so bàtà. Mo ní, "Ó dára." Ó ní, "Ẹ ṣé." Ní ọ̀sán Sunday, nígbà tí ìyá mi bèèrè ìròyìn àwọn wèrè Mówè, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì yọ ti Ìyá Dámi kúrò nínú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó fi í rẹ́rìn-ín.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí eré ìje kò nígbà tí Kóòṣì kó wa jọ sí abẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà ilé-ìwé. Ó ní ife ẹ̀yẹ wà fún ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni ìkẹyìn nínú ẹgbẹ́ bá tó dé ni wọ́n máa ka ẹgbẹ́ sí ẹni tó dé. Gbogbo ojú yí sí ọ̀nà kan náà, wọ́n sì tún yára yí kúrò níbẹ̀. Kóòṣì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá wa, Ìyá Dámi, ẹ̀yin ni ọkàn ẹgbẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tá a fi fi yín jẹ oyè. Láti òní lọ, ẹ̀yin ni Ọ̀gá Olómi! Ẹ̀yin lẹ máa dúró tọmi-tọmi dè wá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, Mọ́mì ló sì pa á jù. Ìyá Dámi wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o, mo dúpẹ́." Èmi ki ọwọ́ mi bọ àpò ṣòkòtò.

Bí mo ṣe ń sìn ín lọ, mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èébú. Ó dá mi dúró.

"Ẹ ò pàtẹ́wọ́," ó ní. "Mo rí yín."

"Báwo ni mo ṣe máa pàtẹ́wọ́ sírú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ? Èmi àlejò."

"Àlejò." Ó dúró lójú ọ̀nà, ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni fẹ́ wọn aṣọ fún mi. "Mọ̀síọ̀, ẹnu yín mú bí abẹ lórí wọn tí wọn ò bá sí nítòsí. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, àlejò lẹ máa ń jẹ́." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, kò juwọ́ sí mi.

Lọ́jọ́ eré, èrò kún iwájú ọjà Ifọ̀. Wọ́n gbé kánópì kalẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ọkùnrin kan ń fi gbohùngbohùn ki gbogbo ẹni tó bá kọjá. A wọ pólò wa, Mọ́mì jókòó sínú ọkọ̀, fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nítorí eruku. Ìyá Dámi dé pẹ̀lú kúlà omi lórí. Ó wọ gáùn gbàgẹ̀rẹ̀ kan tó balẹ̀. Ó sọ kúlà náà kalẹ̀ níwájú Kóòṣì, ó bọ́ gáùn rẹ̀, ó ká a, ó fi lé orí kúlà. Pólò tó rán fúnra rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó dẹ̀, nọ́ńbà eré ìje sì wà láyà rẹ̀.

Ẹnu Kóòṣì là sílẹ̀. "Ìyá Dámi, kí lèyí?"

"Mo forúkọ sílẹ̀."

"Pẹ̀lú ẹgbẹ́ wo?"

"Èmi nìkan ni ẹgbẹ́ mi."

"Ta ló wá máa pín omi?"

"Omi wà nínú kúlà," ó ní. "Ọwọ́ sì wà lára yín."

Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

A sáré. Kóòṣì ti ní ká wà pọ̀ bí ìgbálẹ̀, ṣùgbọ́n a ò tíì sáré jìnnà sọ́nà Papalántó tí àwọn ẹgbẹ́ kan láti Òkè-Àró fi kọjá wa, tí ẹnìkan láàárín wọn sì ní, "Bàbá, ẹ rọra o!" Bàbá tó pe Kóòṣì yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ló bá bẹ́ síwájú bí ẹṣin tí kòkòrò ta. A ń lé e, òun náà ń lé wọn. A dé ibi tá a ti ń yí padà, a yí padà. Oòrùn ti mú, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ń kọjá ní ọwọ́ kejì, eruku ń bọ́ sí wa lẹ́nu. Ibì kan wà lọ́nà ibẹ̀ tí kò sí igi, tí kò sí ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ gan-an ni iṣan ẹsẹ̀ Kóòṣì ti dì. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Gbogbo ẹgbẹ́ dúró, nítorí pé bí òun ò bá dé, kò sẹ́ni tó dé. Ẹnìkan fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹnìkan fa tòsì. Mọ́mì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òróró àdúrà. Àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ lé e lórí: "Kóòṣì, ẹ dìde! Ẹ̀ ń ṣe dáadáa! Ó kù díẹ̀!"

"Ẹ má sọ ọ́!" ó ké, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ó kù díẹ̀ fún mi! Ẹ má sọ ọ́!"

Bá a ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn tí nǹkan pípọ́n kan fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá Dámi ni. Kò yára, kò sì falẹ̀; bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹsẹ̀ kan náà ń tẹ̀ ló ṣe ń bọ̀. Wọ́n rí i, wọ́n ṣíwọ́ àtẹ́wọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó wo Kóòṣì nílẹ̀, kò dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ó ní. "Ẹ̀ ń ṣe dáadáa!"

Ó kọjá.

Ẹ̀rín pa mí. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo rẹ́rìn-ín níṣojú Mọ́mì, níṣojú gbogbo wọn, ẹ̀rín tí mo ti ń tọ́jú fún ìyá mi láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tó tán, mo wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Dámi sọ lẹ́bàá ọkọ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Mọ̀síọ̀!" Mọ́mì ké. "Níbo lẹ̀ ń lọ? Ẹgbẹ́ ni wá o!"

Mo yíjú padà. "Mọ́mì, ìgbà tẹ́ ẹ ní kí obìnrin yẹn máa pín omi, ṣé a kì í ṣe ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà? Ẹ lè pín in báyìí. Àkókò ti wà fún yín."

Mo bá a. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó na ọwọ́ láìwẹ̀yìn. "Ẹ má sọ̀rọ̀ o." Mi ò sọ̀rọ̀. A sáré wọ Ifọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ pariwo sí mi pé obìnrin ti fẹ́ já mi sílẹ̀, òótọ́ sì ni. Wọn ò tíì tú kánópì nígbà tá a dé. Ọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú bèèrè orúkọ Ìyá Dámi, ó pè é, èrò hó. Ó bèèrè tèmi. Mo sọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ó ṣì í pè, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ bó ṣe ń dún lókè ọjà Ifọ̀, láàárín èrò.

Ní Monday, Mọ́mì ní kí n dọ̀bálẹ̀ bẹ Kóòṣì níwájú gbogbo tíṣà. Ó ní àwọn gba àlejò sílé, àlejò ń fi àwọn rẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn ní èdè Kétu wa gan-an, láìgbẹ́ ẹ, láìha á, bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní àgbàlá bàbá mi. Mo ní ẹni tó bá wọ́ mi lulẹ̀ ni mo lè dọ̀bálẹ̀ fún, kì í ṣe ẹni tí iṣan rẹ̀ wọ́ ọ. Kò yé e tán, ṣùgbọ́n èyí tó yé e tó. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti kó ẹrù mi kúrò ní yàrá ẹ̀yìn ilé-ìwé.

Mi ò ní parọ́, nǹkan le. Mo sùn sílé ojúlùmọ̀ kan ní Ìbàfò, mo sì ti ń ronú àtipadà sílé. Ìyá Dámi ló bá mi sọ ọ́ pé àwọn oníbàárà òun kan wà tí wọ́n ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu. Wọ́n ní àwọn tó ń tà á máa ń fi Faransé bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú àwọn, wọ́n á sì rẹ́ àwọn jẹ. Ó gbé bẹ́ǹṣì síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ní kí n máa kọ́ wọn. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè sọ pé ó ti wọ́n jù, bí wọ́n ṣe lè sọ pé àwọn rí i níbòmíràn. Mo tún kọ́ wọn ní gbogbo èébú tí mo mọ̀, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá bú wọn. Àwọn yìí ò kọrin. Ọ̀kan lọ, ó bọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Tíṣà, mo gbọ́ wọn! Òmùgọ̀ ni wọ́n pè mí. Mo dá a lóhùn!" Inú mi dùn ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ eré Ifọ̀ lọ.

Mi ò di ará Mówè, mi ò sì di ará Ìbàfò. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ̀rọ̀ kan lọ́nà tiwa. Mo ti wá rí i pé ìlú yẹn fúnra rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sẹ́ni tó jẹ́ tirẹ̀: Ìkìrun nibí, Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, ẹni tí owó ilé lé kúrò ní Èkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kálukú ń wo ẹnìkejì rẹ̀ bí àlejò. Kóòṣì ti gbádùn, ó ti gbé fèrè rẹ̀ kọ́rùn padà, wọ́n ṣì ń kí ẹni tó ń so okùn bàtà. Èmi àti Ìyá Dámi ń sáré lọ́tọ̀ ní ọ̀nà Ìbàfò, láìsọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ràn wọn. Kò sì sí ohun tó ní kí n fẹ́ràn wọn.

Ní ọ̀sán Sunday kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Dámi, ìyá mi wà lórí fóònù, ó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rín.

"Ta lobìnrin yẹn?"

"Ìyá Dámi ni. Aránṣọ ni. Òun la jọ ń sáré."

"Ìwọ! Ò ń sáré?"

Ẹ̀rín ló fi dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Gbé fóònù fún un," ó ní.

Ìyá Dámi fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lórí àkísà aṣọ kó tó gba fóònù, bí ẹni pé ìyá mi jókòó síwájú rẹ̀. "Ẹ kú ilé mà. Ẹ kú àìrí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni mà." Ó tẹ́tí. "Háà! Láti kékeré?" Ó gbójú sókè wò mí, ó tún wolẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún un sọ mà, Kétu yín yẹn ò tíì yé mi tán." Ó tún rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mò ń dúró, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bá a lọ títí káàdì mi fi tán.

"Kí ni wọ́n sọ?" mo bi í.

Ó dá fóònù mi padà, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó rán ìlà tó wà níwájú rẹ̀ tán kó tó gbé ojú sókè.

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ fi eré sílẹ̀. Wọ́n ní láti kékeré lẹ ti máa ń yínmú sí èèyàn, pé àwọn ló sì kọ́ yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ kì í ráyè yínmú sí ẹnikẹ́ni."

Mo ti fẹ́ yínmú kí n tó rí i pé ó ń wò mí.